Sí Ọmọ Tó Fẹ́ Ta Mọ́tò Tí Àtúnṣe Rẹ̀ Kò Tíì Parí

Ọmọ mi, má fi owó tí o ti ná lórí ẹ̀yà ọkọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ díye lé mọ́tò yẹn. Iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù ni oníbàárà ń wò.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tí o pààrọ̀ ni kí o kọ́kọ́ sọ. Nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu mọ́, ọlọ́pàá lè dá ẹni tó rà á dúró lójú títì, kó pè é lólè. Lọ tún ìwé ṣe kí o tó gbowó ẹnikẹ́ni.

Kó àwọn ẹ̀yà tí o yọ (àbí o ti tà wọ́n?) mọ́ mọ́tò náà. Bí bíréèkì kò bá tíì pé, má jẹ́ kí ẹni tó rà á wà á lọ. Kí ó mú ọkọ̀ tí yóò wọ́ ọ wá.