Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Òògùn Eégbọn Tí Ajá Ń Gbé Mì, Ọjọ́ Mélòó Ló Fi Ń Ṣiṣẹ́?

 

Ọ̀pọ̀ wa ló ní ajá tó ń ṣọ́ ìsọ̀ lóru, tàbí tó ń ṣọ́ oko ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó. Ẹni tó bá ra hóró òògùn eégbọn fún un, owó gidi ló ná. Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ ni pé: "Mo fún un lánàá, eégbọn ṣì wà lára ẹ̀ lónìí. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?" Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Òògùn yìí, irú bíi NexGard àti Bravecto, kì í lé eégbọn sá. Inú ẹ̀jẹ̀ ajá ló ń wọ̀. Eégbọn gbọ́dọ̀ bu ajá jẹ, kó mu nínú ẹ̀jẹ̀ náà, kó tó kú. Láàárín wákàtí mélòó kan tí ajá gbé e mì, òògùn ti dé inú ẹ̀jẹ̀. Tó bá fi máa di wákàtí 24, púpọ̀ eégbọn ti ń kú. Tó bá di wákàtí 48, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kú, bí òkú òmíràn tilẹ̀ ṣì so mọ́ awọ. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fún ajá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ má dá ẹjọ́ òògùn títí di àárọ̀ Ọjọ́rú.

Kí ló dé tí a tún ń rí tuntun lẹ́yìn ìyẹn? Ilé ni wọ́n ti ń wá. Abo eégbọn tó bá yó á já bọ́, á wọ inú ihò ògiri, á yé ẹyin tó lè tó 4,000. Àwọn ọmọ rẹ̀ lè fara pa mọ́ fún oṣù púpọ̀ láìjẹun. Èyí tó bá gun ajá á bù ú jẹ, á sì kú, níwọ̀n ìgbà tí agbára òògùn ò bá tíì tán. NexGard ń lo oṣù 1, Bravecto ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ máa gbá ibi tí ajá ń sùn, ẹ da omi gbígbóná síbẹ̀ nígbà tí ajá ò sí níbẹ̀, kí ẹ sì fi sìmẹ́ǹtì dí ihò ògiri.

Ibi tí ewu wà nìyí. Ẹni tí ò ní sùúrù á fún ajá ní hóró kejì, tàbí á fi ọ̀tapiapia wẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Májèlé yẹn ń gba awọ wọlé, ajá á tún fi ahọ́n lá a. Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á máa gbọ̀n, ó sì lè kú. Ọmọ tó bá fọwọ́ kan ajá náà ńkọ́? Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké Sniper ní ọjà gbangba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta òògùn kòkòrò, ẹ má sọ fún oníbàárà pé ó dára fún ajá.

Kẹ́ ẹ tó ra hóró òògùn, ẹ wọn ajá, nítorí bó bá ṣe wúwo ni wọ́n fi ń ta á. Ẹ fún un pẹ̀lú oúnjẹ. Ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8 kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Èyí tí gìrì máa ń mú, ẹ bi dókítà ẹranko léèrè ná. Àjọ FDA Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ lórí èyí lọ́dún 2018.

Ohun kan ṣì kù. Àìsàn mìíràn wà tí eégbọn lè kó ran ajá láàárín wákàtí díẹ̀, kí òògùn tó pa á. Bí ajá bá kọ oúnjẹ, tí ara rẹ̀ gbóná, tí èrìgì rẹ̀ funfun tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ẹ má dúró de wákàtí 48 kankan. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ ká há a sórí: ọjọ́ 2 fún ara ajá, oṣù mélòó kan fún ilé. Ẹni tó bá ní sùúrù, owó rẹ̀ ò ní ṣòfò.