Ẹ̀kọ́ tí Ẹsẹ̀ Kọ́ Wa ní Ọ̀nà Ọ̀yọ́



Ní ìpalẹ̀mọ́ fún àjọ̀dún yìí, àwa mẹ́rìnlá nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìbàdàn wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ọ̀yọ́. Ìrìn náà tó nǹkan bí 50 kìlómítà, ọjọ́ méjì ni a sì fi rìn ín. Kì í ṣe pé a kò rí ọkọ̀ wọ̀. Ní ọdún 1896, nígbà tí ìjọ C.M.S. gbé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀ wá sí Ọ̀yọ́, èyí tí a wá mọ̀ sí St. Andrew's College, ọkọ̀ ojú irin kò tíì dé Ìbàdàn pàápàá. Ọdún 1901 ni ó tó dé ibẹ̀, kò sì gba Ọ̀yọ́ kọjá. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa fi wá ìmọ̀ wá sí ìlú yìí. A fẹ́ mọ̀, fún ọjọ́ méjì péré, ohun tí ó ná wọn.

Ìdájí ni a gbéra, ara sì yá gbogbo wa. Nígbà tí a dé Mọ́níyà, àbúrò wa obìnrin kan jókòó létí ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ó pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀, ó sì lẹ báńdéèjì kékeré mọ́ ibi tí ó ń ta á. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Akínyẹlé. A fi í rẹ́rìn-ín. A ní bí yóò bá máa ṣe báyìí, àjọ̀dún yóò parí kí ó tó dé. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó jẹ́ asáré ilé-ẹ̀kọ́ yìí nígbà tiwa kò dúró níbì kankan. Ní alẹ́, ní Ìrókò níbi tí a sùn sí, a rí i pé ó ń tiro. A bi í léèrè. Ó ní, “Kò sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká sùn.”

Bí bàtà bá ń ha awọ tí òógùn ti mú rọ̀, ojú ibẹ̀ a kọ́kọ́ gbóná. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó bá dúró nígbà náà yóò tọ́jú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí kò bá dúró, awọ òkè yóò ya kúrò lára ti ìsàlẹ̀, omi yóò kún àárín wọn, ìléròrò yóò sì yọ. Kò tán síbẹ̀. Ẹni tí gìgísẹ̀ ń dùn yóò yí ìrìn rẹ̀ padà láìmọ̀. Orúnkún àti ìbàdí yóò wá máa ru ẹrù tí kì í ṣe tiwọn. Nígbà tí a fi máa dé Fìdítì ní ọjọ́ kejì, orúnkún ẹ̀gbọ́n wa kò gbà á mọ́. Ọkọ̀ ni ó gbé e dé Ọ̀yọ́. Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Àmọ́ a kò lè di ẹ̀bi náà rù ú ní òun nìkan. Ẹ̀rín tí a fi àbúrò wa rín ní Mọ́níyà ni ó pa á lẹ́nu mọ́ ní Ìrókò.

Láti Fìdítì lọ, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ falẹ̀ jù ni a fi ṣíwájú. A ń jókòó lóòrèkóòrè, a ń mu omi díẹ̀díẹ̀, a sì ń jẹ ẹ̀pà oníyọ̀, nítorí òógùn a máa kó iyọ̀ ara lọ. Iṣan tí ó le ní òwúrọ̀ ti rọ̀. Ọsàn tí a jẹ ní Fìdítì dùn ju oúnjẹ àsè lọ. Àwọn tí wọ́n ti mọ ara wọn fún ọgbọ̀n ọdún sì sọ ohun tí wọn kò tíì sọ fún ara wọn rí, títí a fi kọjá Ìlọrà.

A rántí Èlíjà nínú ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Ó rẹ̀ ẹ́ dé ojú ikú, ó sì sọ ọ́ jáde. Áńgẹ́lì náà kò fi í ṣẹ̀sín. Oúnjẹ àti omi ni ó gbé fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jẹ́ kí ó sùn, kí ó tó rin ìrìn ogójì ọjọ́ lọ sí Hórébù.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀gbọ́n wa ni ó dúró dè wá, ó ń tiro, ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ wa. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ìtàn yìí, kí àwọn ọmọ lè kà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní ẹ̀kọ́ kan kò yé òun, tàbí pé ohun kan ń dun òun, ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Ìkìlọ̀ ni ó ń sọ fún yín. Ẹ dúró, kí ẹ bá a bọ́ bàtà. Ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn.