Nígbà Tí Àgbájọ Ọwọ́ Kò Bá Sọ̀yà

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Kò sí ìpàdé ẹgbẹ́, ìgbìmọ̀ ìjọ tàbí ilé iṣẹ́ tí wọn kì í ti í pa òwe yìí, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ bẹ èèyàn kó wá dá sí iṣẹ́ tí kò sówó ńbẹ̀. Òótọ́ lòwe náà. Ṣùgbọ́n kò sọ fún wa pé bí ọwọ́ bá ti ń pọ̀ sí i lagbára ń pọ̀ sí i. Ọwọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ńṣe ló kàn fara kan ẹrù lásán, ta ni yóò sì mọ̀?

Max Ringelmann, ará Faransé kan tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, wádìí ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọdún 1880 sí 1890. Ó ní kí àwọn ọkùnrin máa fa okùn, ó sì ń wọn agbára wọn. Bí ẹnì kan bá dá okùn fà, agbára rẹ̀ a tó kílò 85. Nígbà tí wọ́n di méje, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ sí 65. Nígbà tí wọ́n pé mẹ́rìnlá, ó ku nǹkan bí 61. Èèyàn lè sọ pé wọn ò fà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, àní Ringelmann pàápàá rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní 1974, Alan Ingham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà di ojú ẹni tó ń fa okùn, wọ́n fi í síwájú, wọ́n jẹ́ kó gbà pé àwọn kan wà lẹ́yìn òun tí àwọn jọ ń fà á. Kò sẹ́ni tó fa nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Ẹni yìí kì í ṣe ọ̀lẹ o. Òun kan náà ló fi gbogbo agbára fà á nígbà tó mọ̀ pé òun nìkan ni.

Oògùn rẹ̀ kò le. Ní 1981, Kipling Williams, Stephen Harkins àti Bibb Latané ní kí àwọn èèyàn jọ máa pariwo, wọ́n sì sọ fún wọn pé àwọn lè gbọ́ bí ohùn kálukú ṣe lọ sókè tó. Kíá, kò sẹ́ni tó dẹwọ́ mọ́.

Àwọn baba wa kò fi okùn wọn èyí, ṣùgbọ́n àáró wọn fi hàn pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta mẹ́rin tí agbára wọn dọ́gba ni í bá ara wọn ro oko, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Kálukú ló mú poro tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá rọra fi ewéko bo èyí tí kò ro, ojú àwọn yòókù wà níbẹ̀, bó sì ti ṣe é ni wọn yóò ṣe é nígbà tó bá kan oko tirẹ̀. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí kó kórè ló ń bẹ ogunlọ́gọ̀ lọ́wẹ̀, tó ń se oúnjẹ, tó ń ra ẹmu. Ìyàwó olóko sì mọ̀ dáadáa pé ẹnu tó wà nídìí àmàlà máa ń pọ̀ ju ọkọ́ tó wà lóko lọ. Ọ̀wẹ̀ dára fún iṣẹ́ ọjọ́ kan tó ń fẹ́ èrò. Iṣẹ́ tó bá gba ìtọ́jú lójoojúmọ́, àáró ni kí ẹ fi ṣe é: èèyàn díẹ̀, ìpín tó hàn. Ẹni tó bá ní “gbogbo wa la jọ máa mójú tó o” lórí WhatsApp, ọ̀wẹ̀ tí kò ní olóko ló pè yẹn.

Ọwọ́ nìyẹn. Ẹnu ló tún kù, òun ló sì le jù.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí ọgbọ́n ẹni tó kéré kò ti rí àyè: ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, kùrukùru bo pápákọ̀ òfurufú Los Rodeos ní erékùṣù Tenerife. Ọkọ̀ òfurufú ilé iṣẹ́ KLM ti dúró láti gbéra. Ọkọ̀ ti ilé iṣẹ́ Pan Am ṣì wà lójú ọ̀nà kan náà, wọn ò sì rí ara wọn. Ọ̀gá awakọ̀ KLM kì í ṣe ẹni kékeré. Òun ló ń kọ́ àwọn awakọ̀ yòókù ní Boeing 747, òun náà ló sì dán igbákejì rẹ̀ wò ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Nígbà tó kọ́kọ́ fẹ́ sáré, igbákejì ní àwọn kò tíì gbàṣẹ. Ó dúró. Nígbà tó ki eré mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, igbákejì kò tún ní kó dúró mọ́. Ẹnjiníà inú ọkọ̀ ló béèrè bóyá Pan Am kò tíì kúrò lọ́nà ni. Ọ̀gá dáhùn gbọnmọgbọnmọ pé ó ti kúrò. Ẹnjiníà panu mọ́. Ọkọ̀ méjèèjì kọ lu ara wọn, èèyàn 583 ló kú. Nínú ọkọ̀ KLM, kò sẹ́ni tó yè.

Kùrukùru àti rédíò tí kò dún geere ní ìpín tiwọn nínú ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó lè gba gbogbo wọn là ti jáde lẹ́nu ẹni tó kéré, kò kàn rí ibi jókòó sí ni. Ní 1979, àjọ NASA pe àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ iṣẹ́ bó ṣe máa sọ̀rọ̀, àti ọ̀gá bó ṣe máa gbọ́.

Àwọn kan á ní àṣà wa ló ń dí wa lẹ́nu. N kò gbà. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í pa ẹnu dé. Ọmọdé tó fẹ́ pa òwe níwájú àgbà a ní “tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà,” àgbà a sì dá a lóhùn pé “wàá rí òmíràn pa.” Ìwé àṣẹ nìyẹn, ọmọdé tọrọ, àgbà fọwọ́ sí i. Ìdajì ti àgbà ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá òde òní ti gbàgbé. Ọmọ iṣẹ́ á ní “ẹ má bínú o, sà,” ọ̀gá á sì wo aago. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ẹ ó máa gbọ́ “ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ ọ́n, sà.” Bí ará ilé ẹni bá sì ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ọ̀gá tó bá fẹ́ òótọ́, òun ni kó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, nígbà mìíràn kó tiẹ̀ jáde. Ní oṣù Kẹrin 1961, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gba Kennedy, Ààrẹ Amẹ́ríkà, nímọ̀ràn gbé iyèméjì wọn mì lórí ogun Bay of Pigs ní Kúbà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta ogun náà ti fọ́. Arthur Schlesinger, tó wà nínú ìpàdé wọn, kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kábàámọ̀ ìdákẹ́jẹ́ òun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ohun ìjà Rọ́ṣíà ní Kúbà dé ní 1962, Kennedy a máa kúrò nínú ìpàdé nígbà mìíràn kí àwọn yòókù lè jiyàn bó ṣe wù wọ́n.

Amy Edmondson, tó ń kọ́ni ní Harvard, wo àṣìṣe oògùn láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ní àwọn ọdún 1990. Ó ti rò pé ibi tí àjọṣe bá ti dán mọ́rán ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe yóò ti kéré. Ibẹ̀ gan-an ló ti pọ̀ jù, nítorí wọn kì í bẹ̀rù àtisọ ọ́. Nítorí náà, ọ̀gá tí kò tíì gbọ́ àṣìṣe kankan láti oṣù mẹ́ta, ẹ má tíì dúpẹ́. Ẹ pe akọ̀wé tàbí dírẹ́bà yín jókòó, ẹ bi í ní ohun tí wọn kì í sọ lójú yín, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.