Èsì Àyẹ̀wò Kò Sọ Pé Ó Ń Díbọ́n

Ìbéèrè: Dókítà, àbúrò mi obìnrin kì í sùn mọ́, kì í jẹun, ọjà tó ń tà tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́. Wọ́n yẹ thyroid rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Bàbá wa ní bí kì í bá ṣe ọ̀lẹ, ọwọ́ ayé ni. Kí ni ká ṣe? (Olùkàwé kan, Godomey)

Ìdáhùn: "Kò sí nǹkan kan" yìí ti sú mi o. Thyroid ni ẹṣẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ gògóńgò. Bí ó bá wú, gẹ̀gẹ̀ nìyẹn. TSH tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ ni ọpọlọ fi ń rán an níṣẹ́. Bí ẹṣẹ́ náà bá ń falẹ̀, TSH á lọ sókè, òtútù á máa mú èèyàn, ìgbẹ́ á le, inú á máa bàjẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àyẹ̀wò yẹn ń dáhùn: ṣé thyroid ń ṣiṣẹ́? Ẹni tó bá gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" tó wá ní aláìsàn ń díbọ́n, ohun tí kò sí nínú ìwé ló ń kà. Kò sí ilé àyẹ̀wò kan, ní Kútọnu tàbí ní Paris, tó ń fi ẹ̀jẹ̀ mọ ẹni tó soríkọ́, bó ṣe jọ pé ó rí fún àbúrò yín. Serotonin, kẹ́míkà ọpọlọ tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ gan-an, nígbà tí dókítà àìsàn ọpọlọ Joanna Moncrieff àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London tú àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò ní 2022, wọn kò rí ẹ̀rí tó dúró pé àìtó rẹ̀ ló ń fa ìsoríkọ́. Láti mọ̀ ọ́n, dókítà ní láti jókòó, kó béèrè, kó sì gbọ́: oorun ńkọ́, oúnjẹ ńkọ́, ṣé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì?

Ẹ ó bi mí pé kí wá ni àyẹ̀wò náà wà fún. Ó wúlò. Ní 1949, dókítà ará England kan, Richard Asher, kọ̀wé nípa aláìsàn 14 tí orí wọn dàrú nítorí thyroid tó ń falẹ̀. Oògùn thyroid wo ọ̀pọ̀ wọn sàn. Lápá òkè ilẹ̀ Benin níbí, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000 fi hàn pé àwọn ọmọ ilé ìwé tí áyódíìnì ara wọn, èyí tí thyroid fi ń ṣiṣẹ́, pọ̀ sí i ń ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ìdánwò làákàyè. Nítorí náà, ẹni tó bímọ láìpẹ́ tàbí tó ní gẹ̀gẹ̀, tí inú rẹ̀ ń bàjẹ́, kó ṣe àyẹ̀wò náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó soríkọ́, kò sí ohun tó ṣe thyroid wọn. Ẹ má sì lọ ra oògùn thyroid ní ọjà Dantokpa fún ẹni tí kò nílò rẹ̀: àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, egungun rẹ̀ á sì di ẹlẹgẹ́.

Ẹ mú àbúrò yín lọ sí ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ Jacquot ní Kútọnu. Bí ó bá ń sọ pé ó wu òun láti kú, ẹ má dúró di ọ̀la. Kí Bàbá bá yín lọ, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà: àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.