Ìbọn Olówó Pọ́ọ́kú: Ẹ Yìn Ín Wò Kí Ẹ Tó Gbára Lé E

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí ọmọ Yorùbá kan ní Houston níbí bá pè mí lálẹ́ pé òun fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́, pé èyí tí òun rí kò ju dọ́là 350 lọ, ṣé kò ní já òun kulẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú bá pọ́n? Òótọ́ ni òwe náà nídìí ààrò. Ṣùgbọ́n ní ti rìfọ́fà, ìbọn tí ọta rẹ̀ ń jókòó sínú sìlíńdà tó ń yí bírí, mo ti rí olówó gọbọi tó dójú ti olówó rẹ̀, mo sì ti rí olówó pọ́ọ́kú tí kò ṣe àṣìṣe kan títí ọta fi tán nínú páálí. Ìdánwò ló ń sọ ìbọn di ohun tí èèyàn lè fọkàn tán. Ẹni tí kò bá dán tirẹ̀ wò, ì báà ná dọ́là 1,500 lé e lórí, tẹ́tẹ́ ló ń ta.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi àgbà tó ń ṣọdẹ kì í gba ṣakabùlà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kó gbé e kọ́ èjìká lọ́jọ́ kan náà. Á dè é mọ́ ìdí igi ọ̀pẹ, á ki ẹ̀tù sí i, á so okùn gígùn mọ́ apátí rẹ̀, á wá lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn òkìtì ọ̀gán kó tó fà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta á fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọ̀pá ìbọn náà látòkè délẹ̀, á máa wá ibi tó bá sán, lẹ́yìn náà ni yóò tó san owó tó kù. Alágbẹ̀dẹ kò bínú rí. Ó mọ̀ pé ẹni tó máa gbé ìbọn sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń gbé.

Rìfọ́fà tó ń yin magnum ni mo ń sọ níbí, irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ sì tọ́ sí òun náà. Magnum tí gbogbo wa ń pè yìí, agbára ọta ni orúkọ náà ń sọ. Ní 1935 ni Smith & Wesson gbé ìbọn .357 Magnum àkọ́kọ́ jáde, tí Winchester sì ṣe ọta rẹ̀. Ara ọta .38 Special tó ti wà ṣáájú ni wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì kún gígùn èèpo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i kì sínú ìbọn àtijọ́ tí kò lè gba agbára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbọn .357 fi ń yin .38, tí ìbọn .38 kò sì gbọdọ̀ yin .357. Ẹ wo agbára méjèèjì. Òté tí àwọn oníléeṣẹ́ ọta ní Amẹ́ríkà fi lé .38 Special ni 17,000 pọ́n-ùn lórí ínǹṣì kan níbùú lóròó, ti .357 jẹ́ 35,000. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Àléébù tí .38 bá bò mọ́lẹ̀, magnum ni yóò tú u síta. Ẹni tó bá fi páálí .38 kan dán ìbọn rẹ̀ wò, tó wá ki magnum sí i, tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò tíì dán ohunkóhun wò.

Àwọn rìfọ́fà tí owó wọn kò ga, ibi mélòó kan ni wọ́n ti ń wá. Taurus wà níbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Porto Alegre ní orílẹ̀-èdè Brazil ní 1939. Rossi, ará São Leopoldo ní ìpínlẹ̀ kan náà, ti wà láti 1889. Armscor ti Philippines ń ta tirẹ̀ lórúkọ Rock Island. Charter Arms bẹ̀rẹ̀ ní Connecticut ní 1964. Ẹ fi wọ́n wé rìfọ́fà Python tí Colt tún gbé jáde ní 2020 ní dọ́là 1,499.

Níbo ni ìyàtọ̀ owó náà wọlé sí? Ní tèmi o, kì í ṣe inú irin ló pọ̀ sí. Inú iṣẹ́ àṣekágbá ni: ọwọ́ tó ń fi fáìlì ra inú ìbọn títí yóò fi jọ̀lọ̀, àti ojú tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ páálí. Níbi tí iṣẹ́ yẹn bá ti mẹ́hẹ, ìbọn méjì tó jókòó sórí pẹpẹ kan náà lè má jọra wọn rárá. Ìyẹn ló fà á tí ẹni kan fi máa ń búra pé òun ò rí irú rẹ̀ rí, tí ẹni kejì ń búra pé òun ò tún ní fọwọ́ kàn án láéláé, tí àwọn méjèèjì sì ń sọ òótọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, nítorí náà ẹ bi àwọn tó ti rà á ṣáájú yín. Ṣùgbọ́n ẹ má bi wọ́n pé ṣé ó dára. Ẹ bi wọ́n pé ọta mélòó ni wọ́n ti yìn, irú ọta wo, kí ló bàjẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ mélòó ni iléeṣẹ́ fi tún un ṣe. Ẹni tó yin ọta mẹ́wàá tó ní ìbọn òun dára, ọta mẹ́wàá péré ló ń jẹ́rìí.

Tèmi rèé. Oníhò márùn-ún ni, irin tí kò ní í dípẹtà, mo sì rà á ní owó tí mo rò pé mo jẹ. Mo gbé e lọ sí pápá ìyìnbọn ní àárọ̀ Sátidé kan. Ọgbọ̀n ọta .38 kọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Mo wá ki magnum. Èèpo márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ihò wọn débi pé àtẹ́lẹwọ́ mi ń ta mí kí n tó rí wọn tì jáde. Mo tún kì í. Lẹ́yìn ọta kọkàndínlógójì, mo fa apátí, kò lọ. Mo ní kí n ṣí sìlíńdà, kò ṣí. Ọta kan tó wà láàyè ṣì ń bẹ nínú rẹ̀. Òógùn bò mí. Mo kọ ojú ìbọn sí ibi tí a ń yìn sí, n kò mira, mo gbé ọwọ́ kejì sókè. Alábòójútó pápá wá, ó wolẹ̀ wo abẹ́ ọ̀pá ìbọn, ó fi ìka méjì di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń ti èèpo jáde mú, ó yí i díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pá yẹn ló ti tú bí síkúrúù, tó gùn síwájú, tó sì há mọ́ ibi tó yẹ kó ti máa yọ́ jáde. Sìlíńdà ṣí. Ó yọ ọta náà lé mi lọ́wọ́ láìsọ nǹkan kan.

Wọ́n máa ń sọ pé rìfọ́fà kì í há. Irọ́ ni. Bí ọta bá kọ̀ tí kò dún lọ́jọ́ tí ojú bá pọ́n, òótọ́ ni pé ẹ lè fa apátí lẹ́ẹ̀kan sí i kí òmíràn bọ́ síwájú. Ṣùgbọ́n bó bá há, ó há náà nìyẹn, ọwọ́ lásán kì í sábà tú u bó ṣe tú tèmi.

Kí ẹ tó sanwó, ọ̀pọ̀ nǹkan lẹ lè yẹ̀ wò lórí kántà. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú ìbọn sí òun? Ẹ ní kí ọlọ́jà ṣí i níṣojú yín, kí ẹ fi ojú àti ìka rí i pé ihò gbogbo ṣófo, kí ẹ sì kọ ojú rẹ̀ síbi tí kò sí èèyàn. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó fa òòlù rẹ̀. Ẹ fi ìka kan fẹ́ẹ́rẹ́ kan sìlíńdà, kí ẹ wá fa òòlù sẹ́yìn jẹ́jẹ́: kí òòlù tó dúró, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ kí sìlíńdà ti dún kọ́ sínú àmì rẹ̀. Ẹ ṣe é fún ihò kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ló lè pẹ́ lẹ́yìn, òun náà ló sì máa tu òjé sí yín lójú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìbọn sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín sìlíńdà àti ọ̀pá ìbọn. Ìdá 4 sí 8 nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì ló yẹ kó jẹ́. Irin pẹlẹbẹ tí mẹkáníìkì fi ń wọn àlàfo púlọ́ọ̀gì ni ẹ̀rí tó dájú, àmọ́ bébà tí a fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì nípọn tó bí ìdá 4: bí ẹyọ kan bá gba ibẹ̀ kọjá, kò burú; bí mẹ́ta bá jọ gbà á, ẹ dá ìbọn náà padà sórí pẹpẹ. Àlàfo yìí kan náà ni iná ń gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìka yín wà níwájú sìlíńdà láé.

Ní pápá, igba ọta ni mo máa ń ní kí èèyàn yìn kó tó gbé ọkàn lé ìbọn tuntun, kí àádọ́ta ó kéré tán jẹ́ magnum, irú èyí tí ẹ máa tọ́jú sílé gan-an. Owó ọta kì í ṣe kékeré, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ara owó ìbọn ni. Ẹ ní ìwé kékeré, kí ẹ máa kọ iye rẹ̀, kí ẹ sì fi àmì pupa sí ibi tí ohun kan bá ti kùnà. Bí ọta bá kọ̀ tó kàn dún kọ́, ẹ kọ ojú ìbọn síwájú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ wá wo ìdí ọta náà: bí ojú ibi tí òòlù gbá kò bá jìn, òòlù ni kò lágbára tó. Bí ìró kan bá rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ọta lè ti há sínú ọ̀pá ìbọn, èyí tó bá tẹ̀ lé e lè fọ́ ọ. Nígbà tí ẹ bá ń ti èèpo jáde, ẹ gbójú ìbọn sókè, kí ẹ gbá ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára, kí ẹ̀tù tí kò jó má baà bọ́ sábẹ́ ìràwọ̀ irin tó ń ti èèpo. Ẹ̀tù bíńtín níbẹ̀ tó láti há sìlíńdà. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọnu àtijọ́ ló ń bá mi yọ ọ́.

Ẹ má sì rò pé magnum ni kí ẹ máa yìn lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí ìbọn bá ti yege. Smith & Wesson Model 19, tó jáde ní 1955, kì í ṣe ìbọn olówó pọ́ọ́kú, àwọn ọlọ́pàá sì fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó fúyẹ́. Nígbà tí wọ́n ń fi magnum tí ọta rẹ̀ wúwo tó gíréènì 125 yìn ín léraléra, ẹnu ọ̀pá ìbọn níbi tí ọta ti ń wọlé sán lára àwọn kan. Ní nǹkan bí 1980 ni iléeṣẹ́ náà gbé 586 àti 686 tó sanra jù ú lọ jáde. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí olówó iyebíye, kí la fẹ́ sọ nípa ti dọ́là 350? Ẹ fi .38 kọ́ ọwọ́, kí ẹ fi magnum ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì fọ ihò rẹ̀ dáadáa lẹ́yìn .38, nítorí èéfín tó bá dì yípo níbi tí .38 mọ ni yóò mú kí magnum há.

Bí àbùkù bá yọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó ṣe é kí wáràńtì tó tán. Ẹ má gé sípíríngì kí apátí lè rọ̀; àwọn tó ṣe é ló ń padà wá ráhùn pé ọta ń kọ̀. Ẹ má sì retí kí ìjọba bá yín yẹ ìbọn wò: òfin 1972 tó dá àjọ ààbò ọjà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà yọ ìbọn kúrò lábẹ́ rẹ̀. Àjọ tó lè ní kí wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ padà lọ́jà kò lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ìbọn. Ẹ̀yin gan-an ni olùṣọ́ ara yín.

Ẹni tó bá wà níbí lórí físà ìgbà díẹ̀, kó bi lọ́yà kó tó fọwọ́ kan ìbọn rárá, nítorí òfin ìjọba àpapọ̀ kà á léèwọ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ má ra ìbọn lórúkọ ẹlòmíràn. Ẹ má gbé e lọ sílé bí ẹ̀bùn, òfin ìbọn Nàìjíríà fi rìfọ́fà sára ohun tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní. Ibi tí ọmọdé bá wà, inú àpótí tí a tì pa ni kó máa gbé.

Mo dá tèmi padà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi tún un ṣe. Wọ́n dán inú ihò rẹ̀, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù irin di ọ̀pá tó ń tú. Mo bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ibẹ̀rẹ̀, mi ò ka ti àtẹ̀yìnwá mọ́ ọn. Ìwé kékeré náà wà nínú àpótí pẹ̀lú rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Iye tó wà lójú ewé tó gbẹ̀yìn ni 412, kò sì sí àmì pupa kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.