Ẹ̀tọ́ Alárùn Ọpọlọ sí Alábàárò: Àgbéyẹ̀wò Hàdíìsì Anas àti Ìlò Rẹ̀ ní Kaneshie

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Òwe yìí sọ ìrora òbí, ó sì tún tú àṣírí òǹwòran: ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní àjọṣe kankan pẹ̀lú alárùn ọpọlọ ju kí wọ́n dúró wò ó lọ. Ní àyíká ọjà ńlá Kaneshie ní ìlú Accra, níbi tí àwọn ọlọ́jà, awakọ̀ àti èrò ti ń pàdé lójoojúmọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wà láàárín ọgọ́rọ̀ ènìyàn láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a sọ gbólóhùn kan tí ó nítumọ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń yẹ̀ wò ni ojúṣe kan tí ó yàtọ̀ sí oògùn àti rúkíyà, ìyẹn ni kí ẹnìkan yọ̀ǹda ara rẹ̀ láìgba owó, kí ó máa bá aláìsàn náà jókòó, kí ó sì máa tẹ́tí sí i.

Kálámù tí a gbé kúrò

Nínú hàdíìsì tí Abu Dawud gbà wá, Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi yé wa pé a ti gbé kálámù kúrò lórí ẹni mẹ́ta, wèrè sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn títí làákàyè rẹ̀ yóò fi padà. Hàdíìsì yìí gan-an ni àwọn kan fi ń ṣe àwáwí. Wọ́n á ní kò sí ìṣirò fún un, wọ́n á sì kọjá lọ.

Àṣìlóye gbáà ni èyí. Àwọn onímọ̀ ìpìlẹ̀ òfin, pàápàá àwọn Hanafí, pín ahliyyah sí ọ̀nà méjì. Ahliyyatul-wujūb ni èyí tí ènìyàn fi lè ní ẹ̀tọ́, nítorí pé ó jẹ́ ènìyàn. Ahliyyatul-adā' sì ni èyí tí ó rọ̀ mọ́ làákàyè, tí ìṣe rẹ̀ fi lè di ohun tí a ń ṣírò fún un. Èkejì ni wèrè ń mú kúrò, kò lè mú ti àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí wèrè fi ń jogún, tí dúkìá rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ alágbàtọ́ fún un. Àwọn Málíkì, Ṣáfi'í àti Hanbalí tilẹ̀ ní kí a yọ zaka nínú rẹ̀, bí àwọn Hanafí kò bá tiẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Nínú Sūratun-Nisā' (4:5), lẹ́yìn tí Ọlọ́hun ti kọ̀ kí a fa dúkìá lé àwọn tí òye wọn kò pé lọ́wọ́, Ó pàṣẹ kí a bọ́ wọn, kí a wọ̀ wọ́n láṣọ, kí a sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ dáradára. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń pẹ́ lórí dúkìá, wọn kì í dé ibi ọ̀rọ̀ dáradára náà. Kò sì sí ẹ̀rí kankan tí ó yọ alárùn ọpọlọ kúrò nínú ẹ̀tọ́ ìbẹ̀wò tí Mùsùlùmí ní lọ́rùn Mùsùlùmí. Orí aláìsàn ni a ti gbé kálámù kúrò. Ó ṣì wà lórí àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Obìnrin tí ó yan ojú ọ̀nà

Anas ọmọ Mālik ròyìn nínú Sahīhu Muslim pé obìnrin kan wà tí ohun kan ń ṣe làákàyè rẹ̀. Ó sọ fún Ànábì pé òun ní ohun tí òun ń fẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ànábì pè é ní ìyá Lágbájá, ó ní kí ó yan ojú ọ̀nà tí ó bá wù ú, kí òun lè gbọ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ó bá a yà sí ẹ̀bá ọ̀nà kan títí obìnrin náà fi parí ohun tí ó bá wá.

Yorùbá tètè mọ bí ìpè yẹn ti wúwo tó, nítorí pé orúkọ ọmọ ni àwa náà fi ń pọ́n abiyamọ lé. Obìnrin náà ni ó yan ibi tí wọn yóò dúró sí, òun náà ni ó sì parí ọ̀rọ̀. Hàdíìsì náà kò mẹ́nu ba ìwòsàn, kò sì sọ ohun tí obìnrin náà wí. Imām Nawawī (ó kú ní 676 Híjírà, 1277) ṣàlàyé pé ìdúró náà kì í ṣe ìdánìkanwà tí ó léèwọ̀, nítorí pé ojú ọ̀nà tí èrò ń gbà ni wọ́n wà. Àwọn ènìyàn ń rí wọn, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí pé kò fẹ́ kí ó hàn.

Òdiwọ̀n tí ó bá Kaneshie mu nìyí: kí a rí wọn, kí a má gbọ́ wọn. Bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù tàbí àgbàlá mọ́sálásí tó fún un. Bí ó bá jẹ́ orí fóònù ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ó dára kí alágbàtọ́ tàbí ará ilé mọ̀ pé ìpè náà ń wáyé, ṣùgbọ́n ohun tí aláìsàn bá sọ kò gbọdọ̀ di ìtàn nínú wáàsí ọjọ́ Jímọ̀, àní bí a kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Kí obìnrin máa ṣe alábàárò obìnrin ni ó sàn jù.

Ẹni tí kò ní ará ilé nítòsí

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo dá ètò abúlé Aro sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1954, ìbátan aláìsàn ni ó máa ń tẹ̀ lé e wá, tí ó sì ń bá a gbé. Ètò náà gbójú lé ẹbí. Ní Accra, ẹbí lè jìnnà. Òfin tí ìjọba Busia gbé jáde ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 fọ́n ọ̀pọ̀ agbo ilé Yorùbá ká kúrò ní Gánà, àwọn tí ó sì wá ṣòwò lẹ́yìn náà kì í sábà kó ẹbí wá tán. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tí a ṣí ní ọdún 1906 wà ní Asylum Down, kò jìnnà sí Kaneshie. Òfin 846 ti ọdún 2012 sì fẹ́ kí ìtọ́jú sún mọ́ ilé aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ṣófo ńkọ́?

Ibí ni alábàárò ti wúlò, kí a má sì sọ ọ́ di ohun tí kò jẹ́. Ní London, Priebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí àwọn tí ó ní àrùn schizophrenia tí a yan ọ̀rẹ́ fún. Ìgbòkègbodò ojoojúmọ́ wọn kò pọ̀ ju ti àwọn tí a kò yan ọ̀rẹ́ fún lọ, àmọ́ iye ènìyàn tí wọ́n ń bá pàdé pọ̀ sí i. Èyí kò yà onímọ̀ Ìsìláàmù lẹ́nu, nítorí pé Abu Zayd al-Balkhī (ó kú ní 322 Híjírà, 934) ti kìlọ̀ nínú Masālihul-Abdān wal-Anfus pé kí ẹni tí wáswás ń dà láàmú má ṣe máa dá wà. Alábàárò kò gbọdọ̀ sọ pé kí aláìsàn dá oògùn dúró, kò sì gbọdọ̀ lọ́wọ́ sí dídè é mọ́lẹ̀. Bí ó bá rí i pé aláìsàn fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe, àwọn nọ́ọ̀sì ni yóò pè. Àṣírí kò dí irú èyí lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá lè wá déédéé kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí pé ọ̀rẹ́ tí ó kàn pòórá máa ń dá kún ọgbẹ́ aláìsàn.

Ìbéèrè kan kù, ìyẹn ni owó tírótíró alábàárò láti Kaneshie dé Asylum Down. Èyí tí ó tọ́ jù ni kí a má fi zaka san án, nítorí pé yíyọ̀ǹda ara ẹni kò sọ ènìyàn di ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ tí zaka tọ́ sí. Sàráà tàbí wákáfì mọ́sálásí lè gbé e. Ṣùgbọ́n aláìsàn fúnra rẹ̀, bí ó bá jẹ́ tálákà, zaka tọ́ sí i; alágbàtọ́ ni yóò bá a gbà á.