Sẹ́ẹ̀lì Funfun Ọmọ Mi Kéré: Ṣé Àrùn Ni?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, London ni èmi àti ọmọ mi ọkùnrin ń gbé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ni wọ́n ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ kéré. Ara rẹ̀ le, kì í ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. – Abiyamọ kan

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí ọmọ yín jogún ni wọ́n ń rí, kì í ṣe àrùn.

Bí kòkòrò bá wọ ibì kan nínú ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ máa ń tú èròjà kan tí ń jẹ́ kemokáìnì jáde, kí sẹ́ẹ̀lì funfun lè wá jà. Jíìnì kan wà lórí krómósóòmù kìíní tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ gbígbá kemokáìnì mú. Duffy ni wọ́n ń pè é, orúkọ aláìsàn tí wọ́n tipasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní 1950.

Lára àwa Yorùbá àti ọ̀pọ̀ ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lẹ́tà DNA kan ṣoṣo ló yí padà níwájú jíìnì yìí, T di C, níbi tí sẹ́ẹ̀lì pupa ti ń gba àṣẹ láti lò ó. Nítorí náà, èròjà Duffy tí jíìnì yìí ń ṣe kò sí lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa, ṣùgbọ́n ó wà lára iṣan ẹ̀jẹ̀ wa. Lẹ́tà kan péré! Ó máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Duffy yìí gan-an ni kòkòrò ibà tí ń jẹ́ vivax ń dì mú kó tó wọ sẹ́ẹ̀lì pupa. Ní 1976, Louis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé vivax kì í sábà rí ẹni tí kò ní in mú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìdí nìyẹn tí àyípadà náà fi ràn láti ìran dé ìran, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí gbogbo wa. (Ẹ má tìtorí ẹ̀ pa àwọ̀n ẹ̀fọn tì bí ẹ bá wálé o: falciparum, kòkòrò ibà mìíràn, ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ibà Nàìjíríà, kò sì nílò Duffy.)

Ní 2008, ìwádìí láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fi hàn pé àyípadà yìí náà ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń jẹ́ nútrófíìlì kéré nínú ẹ̀jẹ̀. Mùdùnmúdùn eegun àwọn tó ní àyípadà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àìsàn kì í sì tìtorí ẹ̀ kọlù wọ́n ju ẹlòmíràn lọ. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò ni kò bá wa mu, torí ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti mú un. Èyí kò dára rárá: wọ́n ti torí ẹ̀ dá oògùn tó ń ṣiṣẹ́ dúró fún àwọn ènìyàn wa.

Ẹ ní kí dókítà yín yẹ Duffy ọmọ náà wò, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sínú fáìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá ń gbóná lemọ́lemọ́, tàbí tí egbò ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn.